Fáíbà fún Àìrígbẹ́yà: Ìfiwéra Psyllium, Methylcellulose, Polycarbophil àti Àwọn Yòókù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn "fáíbà" (ohun tí inú ènìyàn kò lè dà bí oúnjẹ yòókù), ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára agolo oríṣiríṣi nǹkan tí iṣẹ́ wọn nínú ìfun kò jọra rárá. Ẹni tí ìgbẹ́ ti le mọ́ nínú lè ra ọ̀kan nínú wọn, kí ara sì tù ú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹlòmíràn á ra òmíràn, á mu ún fún oṣù kan gbáko, kò ní rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ ju afẹ́fẹ́ inú lọ, á sì máa sọ fún gbogbo ènìyàn pé fáíbà kò wúlò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wà nínú agolo ló fa ìyàtọ̀ náà, kì í ṣe ara ẹni tó mu ún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wo ìrìn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹnu títí dé ìdí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á lè mọ èyí tó yẹ kó mú àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ohun tí fáíbà gbọ́dọ̀ ṣe nínú ìfun

Àwọn oníṣègùn sábà máa ń sọ pé ènìyàn ní àìrígbẹ́yà bí kò bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ó bá ń tiraka gidigidi kó tó yàgbẹ́, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá gbẹ tó sì le, tàbí bí ó bá dìde kúrò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣì ń ṣe é bí ẹni pé ó kù nínú. Ìwọ̀n Bristol, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, pín ìrísí ìgbẹ́ sí oríṣi 7. Oríṣi 1 jẹ́ kóró kóró tó pínyà síra wọn, oríṣi 2 gùn ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, oríṣi 3 àti 4 ni èyí tó dára jù, láti orí 5 ló sì ti ń rọ̀ jù. Mo gba ẹni tó bá ń mu fáíbà níyànjú pé ìrísí yìí ni kó máa fi díwọ̀n bóyá fáíbà náà ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ènìyàn lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́ kó sì jẹ́ pé oríṣi 1 ló ń tiraka lé jáde nígbà gbogbo.

Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbẹ́ tó dára ló jẹ́ omi. Iṣẹ́ ìfun ńlá sì ni láti máa fa omi padà sínú ara, kí ara má baà gbẹ. Bí ìgbẹ́ bá wá pẹ́ níbẹ̀ jù, omi rẹ̀ á máa dín kù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pọn dandan kí omi tó dín kù pọ̀ kí ìgbẹ́ rírọ̀ tó di líle. Nítorí náà, ohun méjì ni fáíbà tí yóò bá ran ẹni tí ìgbẹ́ le mọ́ nínú lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe. Èkíní ni kó di omi mú ṣinṣin débi pé ìfun ńlá kò ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kí bakitéríà inú ìfun má lè jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, nítorí pé èyí tí wọ́n bá ti jẹ tán kò sí níbẹ̀ mọ́ láti di omi kankan mú. Níwájú àtẹ oògùn, èmi kò mọ ìbéèrè tó wúlò ju èyí lọ: nígbà tí fáíbà yìí bá dé òpin ìfun, kí ni yóò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sára agolo pé fáíbà kan ń yọ́ nínú omi tàbí pé kì í yọ́ kò dáhùn ìbéèrè yẹn. Psyllium ń fa omi mọ́ra, inulin ń yọ́, wheat dextrin náà ń yọ́, inú ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n sì máa ń kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń rin ìrìn náà dé òpin pẹ̀lú omi lára.

Psyllium

Psyllium ni èèpo tó bo irúgbìn ewéko kan tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Plantago ovata, orílẹ̀-èdè Íńdíà ni wọ́n sì ti ń gbìn ín jù, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Gujarat àti Rajasthan. Ispaghula ni orúkọ rẹ̀ kejì, nítorí náà ẹni tó rí ispaghula lára páálí kan kó má rò pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Òun ló wà nínú Metamucil, tó ti wà lórí àtẹ láti ọdún 1934, òun náà ló sì wà nínú Fybogel.

Bí èèpo yìí bá ti kan omi, á wú, á ki, ara rẹ̀ á sì máa yọ̀. Bakitéríà inú ìfun ńlá kò lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń bá ìgbẹ́ rìn lọ tòun ti omi tó dì mú, ó ń mú kí ìgbẹ́ tóbi sí i, kó rọ̀, kí ara rẹ̀ sì yọ̀ tó láti jáde láìsí ìnira. Títóbi tí ìgbẹ́ tóbi yìí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí pé ó ń na ògiri ìfun, nínà yẹn ló sì ń mú kí ìfun sún ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ ni pé psyllium kan náà yìí lè mú kí ìgbẹ́ tó ṣàn jù ki. Kò sí ìtakora níbẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ní ọ̀nà méjèèjì: ó ń di omi mú, yálà omi tó yẹ kó wà nínú ìgbẹ́ líle ni o tàbí omi tó ti pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ ṣíṣàn. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń le lọ́sẹ̀ yìí tó sì máa ń ṣàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè jàǹfààní rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nínú gbogbo wọn, òun ni ẹ̀rí ìwádìí tì lẹ́yìn jù. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ méjì tó jẹ́ ti àwọn oníṣègùn inú àti ìfun ní Amẹ́ríkà, ìyẹn AGA àti ACG, jọ gbé ìlànà jáde lórí àìrígbẹ́yà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nínú àwọn fáíbà tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, psyllium nìkan ni wọ́n sọ pé ó hàn gbangba pé ó ń ṣiṣẹ́. Òtítọ́ inú náà sì ni pé kí a fi kún un pé wọ́n ka ẹ̀rí ọ̀hún sí èyí tí kò lágbára púpọ̀, àti pé ìmọ̀ràn wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n fi gbogbo ẹnu sọ. Ṣáájú ìgbà náà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998 fi àádọ́sàn-án (170) ènìyàn tó ní àìrígbẹ́yà wé ara wọn. Àwọn kan mu psyllium gíráàmù 5.1 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn yòókù sì mu docusate, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn láti mú ìgbẹ́ rọ̀. Ìgbẹ́ àwọn tó mu psyllium ní omi jù, wọ́n sì ń yàgbẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

Ó ní àǹfààní mìíràn tí kò kan ìgbẹ́. Ó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù díẹ̀, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà sì fún àwọn tó ń ṣe é láyè ní ọdún 1998 láti kọ ọ́ sára ọjà wọn pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, bí ènìyàn bá ń rí gíráàmù 7 fáíbà tó ń yọ́ láti inú rẹ̀ lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀.

Àléébù rẹ̀ wá láti ibi tí agbára rẹ̀ ti wá. Nítorí pé kíákíá ló ń wú, ó lè wú sínú ọ̀nà ọ̀fun bí omi tí ènìyàn fi mu ún kò bá tó, á sì há síbẹ̀. Eléyìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2007, àjọ FDA kan náà kọ̀ láti gba psyllium oníhóró wẹẹrẹ mọ́ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìyàgbẹ́ tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà, nítorí pé ó ń há mọ́ àwọn ènìyàn lọ́fun. Èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mu ún lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti pò ó tán, kí ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ láti lọ ṣe nǹkan mìíràn, nítorí pé kí ẹ tó padà dé á ti ki débi tí kò ní ṣeé gbé mì. Ara àwọn kan kì í gbà á, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ti ń fẹ́ sí nímú fún ọdún pípẹ́. Bí ara bá ń yún ènìyàn, tí ètè rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ há lẹ́yìn tó mu ún, kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kó má sì tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Methylcellulose àti polycarbophil

Àwọn méjì yìí ni mo máa ń ronú kàn fún ẹni tí psyllium bá lára mu níbi ìgbẹ́ ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ inú kò jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀, tàbí ẹni tí kò lè fara da ohun mímu tó ń ki lẹ́nu.

Methylcellulose, tó wà nínú Citrucel, bẹ̀rẹ̀ láti ara cellulose tó wà nínú igi àti òwú, èyí tí kì í yọ́ nínú omi. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi kẹ́míkà yí i padà kó lè máa yọ́. Bakitéríà inú ìfun kò rí i jẹ rárá, nítorí náà kò sí ohun tí wọn yóò sọ di afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, èyí sì ni ànfààní rẹ̀ tó ga jù lọ. Ó ní ìwà kan tó ṣàjèjì: inú omi tútù ló ti ń yọ́ dáadáa, bí omi bá gbóná ńṣe ló máa ń ṣù. Ẹni tó bá pò ó pọ̀ mọ́ ohun mímu gbígbóná tó sì rí i pé ó di kókó, kò ra ayédèrú.

Polycarbophil, tó wà nínú FiberCon, kò ti ara ewéko kankan wá, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é látòkèdélẹ̀. Hóró ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun, a kì í sì í pò ó. Ẹni tó ń rìnrìn àjò, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti ní àyè láti máa rò ìyẹ̀fun sínú ife, á rí i pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n kálísíọ́mù wà nínú rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù nínú hóró kan, ẹni tó bá sì ń lo hóró 8 lójúmọ́ ti gba kálísíọ́mù tó súnmọ́ gíráàmù kan wọ inú ara láìfura. Kálísíọ́mù yìí ń so mọ́ oògùn apakòkòrò bíi tetracycline àti ciprofloxacin nínú ìfun, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n wọnú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tí kálísíọ́mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí tí òkúta ti ṣù nínú kíndìnrín rẹ̀ rí, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí hóró tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, ì báà jẹ́ ti methylcellulose, ì báà jẹ́ ti polycarbophil. Ìdajì gíráàmù ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú hóró kan. Ẹni tó bá ń gbé hóró méjì mì lójúmọ́ ti rí gíráàmù kan péré, nígbà tí ẹni tó ń mu psyllium ìyẹ̀fun lè ti rí ìlọ́po mélòó kan ìyẹn nínú ṣíbí kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ pé hóró fáíbà kò ṣiṣẹ́ fún wọn ni kò tíì mu iye tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ka ara páálí, kí ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ lò ó lójúmọ́, kí ẹ sì mọ̀ pé ife omi kún gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ṣì pọn dandan, nítorí pé hóró náà ń wú.

Ẹ̀rí ìwádìí tó wà lórí àwọn méjèèjì kò pọ̀ tó ti psyllium. Ìdí nìyí tí mo fi gbé wọn sí ipò kejì, láìsọ pé wọn kò dára.

Inulin àti wheat dextrin

Àwọn ni wọ́n rọrùn jù láti mu. Ìyẹ̀fun funfun ni wọ́n, wọ́n ń yọ́ nínú omi títí a kò fi ní rí wọn mọ́, wọn kì í ki, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní adùn tàbí ìkorò kan. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí. Fáíbà tí kò lè mú omi inú ife ki kò ní ọ̀nà tí yóò gbà di omi mú nínú ìfun.

Inulin, tí wọ́n sábà máa ń fà yọ láti ara gbòǹgbò ewéko kan tó ń jẹ́ chicory, ni bakitéríà máa ń yára jẹ bó bá ti dé ìfun ńlá, ohun tí wọ́n sì ń tú jáde bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni afẹ́fẹ́. Inú á wú, á máa kùn, ìsó á pọ̀. Kí n má baà ṣe ojúsàájú, àjọ EFSA tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù gbà ní ọdún 2015 pé gíráàmù 12 inulin chicory lójúmọ́ lè mú kí iye ìgbà tí ènìyàn ń yàgbẹ́ pọ̀ sí i. Gíráàmù 12 kì í ṣe kékeré fún ẹni tí inú rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ bá sì tètè máa ń bínú kò ní lè fara dà á. Wheat dextrin, tó wà nínú Benefiber ti Amẹ́ríkà, máa ń rọra kọjá díẹ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ fún bakitéríà rere inú ìfun ni ẹnì kan ń wá, àwọn méjèèjì wúlò fún ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ líle ló gbé e dé ìdí àtẹ, èmi kò ní gbà á níyànjú pé kó fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Èèpo àlìkámà

Kò sí fáíbà tó ti gbajúmọ̀ pẹ́ tó èèpo àlìkámà. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Uganda, wà lára àwọn tó mú kí gbogbo ayé gbọ́ nípa fáíbà inú oúnjẹ ní ẹ̀wádún 1970, èèpo àlìkámà sì wà lára ohun tí àwọn ènìyàn sáré gbá mú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti psyllium, nítorí pé kò di omi mú. Èèpo tí kò kúná máa ń ha ara ògiri ìfun, ìfun á sì tú omi àti ikun jáde láti fi gbèjà ara rẹ̀, omi yẹn ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Èyí ló fà á tí títóbi èèpo náà fi ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, kò ní ohun tí yóò fi ha ìfun mọ́. Á kàn fi ohun gbígbẹ kún ìgbẹ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ó sì lè mú kó le sí i. Ẹni tó ń jẹ èèpo àlìkámà kíkúnná tí ìyà ìgbẹ́ líle sì ń pọ̀ sí i kò lè mọ̀ pé ohun tó pè ní ìwòsàn ló ń dá kún un.

Ó tún ní ohun kan tó ń jẹ́ phytate nínú, tó ń so mọ́ áyọ́ọ̀nù, síńkì àti kálísíọ́mù inú oúnjẹ, tí kì í jẹ́ kí ara rí wọn gbà dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí gluteni, ìyẹn purotéènì inú àlìkámà, kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá.

Bí a bá fi ipò oníkálukú wò ó

Ẹni tó ní àìsàn inú tó ń dun ènìyàn, tó ń wú, tó sì ń yí ìgbẹ́ padà láìnídìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní IBS, ní láti ṣọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, kó irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 275 jọ. Àwọn kan mu psyllium gíráàmù 10 lójúmọ́, àwọn kan jẹ èèpo àlìkámà gíráàmù 10, àwọn yòókù sì gba ìyẹ̀fun ìrẹsì lásán, fún ọ̀sẹ̀ 12. Psyllium ló mú ara tu àwọn aláìsàn. Nínú àwọn tó jẹ èèpo àlìkámà, ọ̀pọ̀ ló fi ìwádìí náà sílẹ̀ nítorí pé ìnira wọn ń pọ̀ sí i. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi yóò mú psyllium láti ìwọ̀n kékeré, èmi yóò sì yẹra fún èèpo àlìkámà àti inulin.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó yẹ ara agolo wò dáadáa, nítorí pé àwọn psyllium kan wà tí wọ́n ti po ṣúgà púpọ̀ mọ́ kó lè dùn mu. Èyí tí kò ní ṣúgà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi aspartame dípò rẹ̀, aspartame yìí sì léwu fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn phenylketonuria. Psyllium fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ṣúgà inú oúnjẹ rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀, kí oògùn náà má baà pọ̀ jù fún un.

Aboyún tí ìgbẹ́ ń le mọ́ nínú lè fọkàn balẹ̀ sí irú fáíbà yìí ju ọ̀pọ̀ oògùn ìyàgbẹ́ lọ, nítorí pé inú ìfun ló dúró sí, kì í wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu náà á rí i pé ìgbẹ́ tó rọ̀ tí kò gba ìtiraka kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà ya mọ́. Ti ọmọdé yàtọ̀, ẹ má ṣe fún wọn láìjẹ́ pé dókítà sọ ìwọ̀n tó yẹ.

Ní ti ẹni tó ń lo oògùn mìíràn, èyíkéyìí nínú àwọn fáíbà tó ń wú lè gbé oògùn náà pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó yẹ kí ó kéré tán wákàtí méjì wà láàárín wọn, àwọn tó ń lo digoxin, warfarin, carbamazepine tàbí lithium ni kó fi èyí sọ́kàn jù. Oògùn levothyroxine ti àwọn tí ẹṣẹ́ inú ọrùn wọn tí à ń pè ní thyroid kò ṣiṣẹ́ tó nílò àlàfo tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ní kó jẹ́.

Omi, ìwọ̀n àti àkókò

Ife omi kún, ìyẹn mìlílítà 240 ó kéré tán, ni ẹ gbọ́dọ̀ fi mu ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún máa mu omi jálẹ̀ ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe mu ún nígbà tí ẹ bá fẹ́ dùbúlẹ̀ sùn. Fáíbà tí kò rí omi mu kò ní ohun tí yóò dì mú, ó sì lè di ìdìpọ̀ gbígbẹ tí yóò dí ìfun.

Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ fáíbà sílẹ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n mu ìwọ̀n tó kún ní ọjọ́ kìíní, inú wọn wú, wọ́n sì ju agolo sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 3 tàbí 4 psyllium lójúmọ́, kí ẹ fi bẹ́ẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi gíráàmù 10, bí inú bá gbà á. Ara ń kọ́ ọ, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì sábà máa ń dín kù. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn máa mu lálẹ́ kí ó sì yàgbẹ́ láàárọ̀ dandan. Ó lè gba wákàtí 12 sí 72 kó tó hàn, àtúnṣe gidi sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kò bá tíì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ìwọ̀n tó péye kò tíì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Fáíbà inú agolo kò gba ipò èyí tó wà nínú oúnjẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé kí àgbàlagbà máa rí gíráàmù 25 ó kéré tán lójúmọ́ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti jìnnà sí ìyẹn gan-an kó ṣe àtúnṣe ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí fáíbà kò lè ràn lọ́wọ́

Ibí yìí ni ó ń dùn mí jù láti rí bí àwọn ènìyàn ti ń jìyà. Wọ́n á sọ fún ẹnì kan pé kó jẹ fáíbà sí i, kò ní rí ìyàtọ̀, wọ́n á tún ní kó fi kún un, á sì máa rò pé ẹ̀bi òun ni. Ní ọdún 1997, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 149 tí àìrígbẹ́yà wọn ti pẹ́, tí wọ́n fún ní psyllium gíráàmù 15 sí 30 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò kò fi àléébù kankan hàn nínú ìfun wọn, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá tàbí tí ìnira wọn lọ tán. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìfun wọn kì í yára sún ìgbẹ́ síwájú, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nínú àwọn tí iṣan ìdí wọn kì í ṣí bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yàgbẹ́, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí ìyàtọ̀. Fífi ẹrù kún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára kò lè mú un yára. Ẹni tó bá ń tiraka títí tí ìgbẹ́ rírọ̀ pàápàá kò fi jáde, tàbí tó ní láti fi ọwọ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, àyẹ̀wò iṣan ìdí ló nílò, irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣan tó ń wò ó.

Ẹni tó ń lo oògùn ìrora alágbára bíi morphine tàbí codeine kó má gbára lé fáíbà tó ń wú, nítorí pé oògùn wọ̀nyẹn ń mú kí ìfun dẹ́kun ìrìn, ohun tó wú sínú ìfun tí kò rìn á sì há síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹni tí ìfun rẹ̀ ti há níbì kan, àti ẹni tí ìgbẹ́ líle ti dí ìdí rẹ̀ pa tẹ́lẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mú ìdì náà kúrò.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ènìyàn bá ń rù láìmọ ìdí, bí inú bá ń dùn ún gidigidi tàbí tó ń bì, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dín kù, bí àrùn jẹjẹrẹ ìfun bá wà nínú ẹbí, tàbí bí ìgbọ̀nsẹ̀ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá yí padà lójijì, kí ó lọ rí dókítà kó tó ra agolo kankan.

Ẹni tó sì ti lo psyllium bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú omi tó tó, tí kò rí ìyàtọ̀, kó má ṣe lọ ra fáíbà kejì àti ìkẹta. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apòògùn nípa polyethylene glycol, oògùn tó ń fa omi wá sínú ìfun láìsí fáíbà kankan nínú rẹ̀, èyí tí ìlànà ọdún 2023 yẹn dámọ̀ràn pẹ̀lú ìdánilójú tó ju ti fáíbà lọ. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Senna àti bisacodyl wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, nítorí pé wákàtí 6 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń gbà kí wọ́n tó mú ìgbẹ́ yà.